Ojú Tí Tàíbátù Fi Ń Wo Aṣọ

Tàíbátù kò fọkàn tán gílóòbù rí láyé rẹ̀. Ẹ lè tan iná mẹ́wàá sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ẹ gbé aṣọ síwájú rẹ̀, kí ẹ bi í pé àwọ̀ wo nìyí, ohun tí yóò wí ni pé, "Ẹ jẹ́ ká gbé e síta ná." Oníbàárà á ti mú aṣọ, á ti ní òun fẹ́ ẹ, ọ̀nà ilé á ti máa ká a lára, Tàíbátù á gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé e kọjá ẹnu-ọ̀nà, á tẹ́ ẹ sórí apá, á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, kí ó tó mú sísọ́ọ̀sì. "Mama Zulay, abeg, cut am make I dey go!" Igbe tí wọ́n máa ń ké nìyẹn. Bí ó bá rí ohun tó fẹ́ rí tán, á ní, "Ó yá," á sì gé e.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ni Mojísọ́lá, Ìyá Victor, ọmọ Ìjẹ̀bú. Òwú, sípù, bọ́tìnnì àti aṣọ tí télọ̀ ń fi sí inú ẹ̀wù ni mò ń tà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti tirẹ̀, nínú ọjà kékeré kan tí kò jìnnà sí jọ́ńṣọ̀n Enerhen, ní Warri níbí. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí a ti jọ wà níbẹ̀. Ọjọ́ orí wa kò fi ọdún kan jura lọ, nítorí náà bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń sọ "ó" fún un, ẹ má rò pé wọn kò kọ́ mi nílé. Inú mi a máa tètè ru, mo mọ̀. Ti Tàíbátù yàtọ̀. Ọmọ Ṣakí ni, ọ̀rọ̀ tí èmi yóò fi odindi àárọ̀ jà lé lórí, "kò burú" ni òun á fi pa á, á sì máa ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní òwò aṣọ ní Ṣakí, nígbà tó ṣì kéré. Ìyá náà ló fi yé e pé aṣọ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀. Sátìnì kì í gba ìmọ́lẹ̀ lálejò, ńṣe ló ń jù ú padà síni lójú, nítorí náà má ṣe wo ibi tó ti ń dán bí o bá fẹ́ mọ àwọ̀ rẹ̀. Àrán ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì: bí o bá fọwọ́ pa irun rẹ̀ wálẹ̀ á mọ́ díẹ̀, bí o bá pa á sókè á dúdú, bẹ́ẹ̀ aṣọ kan náà ni. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ bíi ṣífọ́ọ̀nù, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá lọ bá ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn. Lórí gbogbo rẹ̀, ìyá náà fi òfin kan lé e lọ́wọ́: a kì í gé aṣọ láìgbé e ní ìṣísẹ̀ kan kọjá ẹnu-ọ̀nà, kí ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run lè ṣẹlẹ́rìí sí i. Ìṣísẹ̀ kan, kì í ṣe ààbọ̀. Tàíbátù pa òfin yìí mọ́ bí ó ṣe ń pa àkókò ìrun mọ́.

Ìyá yìí kan náà ló wá fọ́jú. Kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Ó kọ́kọ́ ń fún èèyàn ní àwọ̀ ewé dípò búlúù, wọ́n ní ó ti ń rẹ́ni jẹ. Lẹ́yìn náà ó ń kọ lu ìlẹ̀kùn. Nígbà tó yá, orí ẹní ló ń jókòó sí, tó ń fọwọ́ yẹ aṣọ wò. Tàíbátù ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré. Dókítà ìgbà náà sọ fún àwọn ọmọ pé àìsàn ojú yẹn a máa tọ ìdílé, kí wọ́n máa lọ yẹ ojú wọn wò. Tàíbátù gbọ́, kò lọ. Ó ní ẹni tó bá ń wá àìsàn kiri ni àìsàn ń bá.

Ó yẹ kí n sọ ti òjò pẹ̀lú. Òjò Warri kì í ṣe òjò tí à ń bẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ó ba ọjà jẹ́ fún wa débi tí àwa obìnrin ìlà wa fi pinnu láti ta òrùlé síwájú ṣọ́ọ̀bù wa, kí omi yéé fẹ́ wọlé. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ náà, nítorí ẹnu mi. Zachariah káfíńtà mú oríṣi páànù mẹ́ta wá. Mo ní kó gbé ti irin lọ, pé yóò sọ iwájú wa di òkùnkùn biribiri. Ó ku ti rọ́bà méjì, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ọ̀kan funfun, ọ̀kan aláwọ̀ ewé. Mo mú aláwọ̀ ewé, mo ní ó tutù lójú. Lọ́jọ́ tí wọ́n kàn án tán, a wo ara wa, gbogbo wa dà bí ẹni tí ibà ń ṣe, a rẹ́rìn-ín títí a fi ń di ìhà mú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta kò sẹ́ni tó tún rí i mọ́. Òjò rọ̀, ọjà wa gbẹ, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́, èmi náà ń yan.

Aṣọ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá padà fún Tàíbátù, léèsì ni. Ìyá àgbà Itsekiri kan ló rà á, ó fẹ́ funfun tí yóò bá èyí tó wà nílé mu. Ó padà wá pẹ̀lú méjèèjì lọ́wọ́, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì. "My daughter, one be milk, one be paper." Tàíbátù bẹ̀ ẹ́, ó fún un ní òmíràn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan láti Aladja ra aṣọ dúdú láti fi rán ṣòkòtò, ilé ló ti rí i pé àwọ̀ àlùkò ni. Ìyàwó rẹ̀ ní òun kò ní bá ọkùnrin tó wọ ṣòkòtò àlùkò jáde. Mo rẹ́rìn-ín sí ti ọkùnrin yẹn, ká má parọ́. Tàíbátù kò rẹ́rìn-ín.

Èmi náà, wọ́n ń dá òwú padà fún mi. Ẹ bi mí léèrè ohun tí mo ṣe. Mo bá wọn jà! Télọ̀ kan ní òwú tí mo fún òun kò bá aṣọ mu, mo ní ojú tirẹ̀ ni kò bá aṣọ mu, mo ní kó lọ fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́. Òmíràn dé, mo lé e. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èmi àti Tàíbátù nìyẹn. Wọ́n ní èmi ṣe àṣìṣe, mo dá ojú wọn lẹ́bi. Wọ́n ní òun ṣe àṣìṣe, ó dá ojú ara rẹ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nígbà náà n kò mọ̀ pé ohun tó ń ṣe nìyẹn.

Ti àwọn akọrin ló wá burú jù. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ovwian fẹ́ rán aṣọ tuntun fún ẹgbẹ́ akọrin wọn, wọ́n ní àwọ̀ wáìnì ni àwọn fẹ́. Ìdì kan kò tó wọn. Tàíbátù wá ìdì kejì, ó gbé méjèèjì kọjá ẹnu-ọ̀nà, ó tẹ́ ọ̀kan sí apá ọ̀tún, ó tẹ́ ìkejì sí apá òsì, ó wò wọ́n nígbà mẹ́ta. Ìṣojú mi ni. Ó tilẹ̀ pè mí pé kí n wá wò ó. Mo ní, "Ìbejì ni wọ́n, gé e, jẹ́ kí obìnrin yìí máa lọ." Ó gé e.

Ọjọ́ Ìsinmi méjì kọjá, olórí akọrin náà dé, obìnrin Urhobo kan tí ara rẹ̀ kún ẹnu-ọ̀nà. Ó na fóònù sí wa. Nínú àwòrán, oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdajì àwọn akọrin wà nínú aṣọ pupa tó jinlẹ̀, tó wuni. Ìdajì kejì wọ aṣọ tó jọ tíì tí kò ní mílíìkì.

"See my choir!" ni obìnrin náà ń ké. "Na two church join body?"

Mo ti ṣe tán láti jà. Mo ti so gèlè mi le. Tàíbátù kàn gba fóònù náà, ó fà á mọ́ ojú, ó tì í jìnnà, ó tún fà á mọ́ ojú, ó sì dá a padà. "Mama, no vex. I go change am," ló wí. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó gé ìrépé kékeré kọ̀ọ̀kan lára èyí tó kù nínú ìdì méjèèjì, ó fi wọ́n sínú báàgì rẹ̀. N kò bi í pé kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí rù. Ẹni tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ òun ló ń sọ àwọ̀ tó yẹ èèyàn fún wọn, ó wá di ẹni tó ń ní, "Ẹ̀yin fúnra yín ẹ wò ó dáadáa o." Zulaykha, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ yẹn gbọ́ Yorùbá bí ẹni ń mu omi, ṣùgbọ́n Píjìn ni yóò fi dá ọ lóhùn.

"Aunty Mojí, my mama dey make me fear. Every morning she go ask me wetin be di colour of my hijab. As if na me be teacher."

"Kí lo máa ń sọ fún un?"

"If na blue, I go say blue. Den she go breathe."

Inú mi ru. Ó ru sí Tàíbátù, ó ru sí ara mi. Ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọ lásán ló wá ń sọ fún mi pé nǹkan ń ṣe ọ̀rẹ́ mi! Mo dìde, mo já wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo fa aṣọ ìlẹ̀kùn sílẹ̀ lẹ́yìn ara mi.

"Tàíbátù, kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sí."

"Má sọ kò sí fún mi! Ṣé èmi náà ni oníbàárà?"

Ó jókòó sórí ìdì aṣọ kan. "Mojí, ojú mi ń lọ. Bí ti ìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọ̀ ló kọ́kọ́ lọ." Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ti bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ tí yóò gba ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí oṣù bá ti parí, yóò lọ sí Ṣakí, yóò lọ jókòó ti àbúrò rẹ̀. Mo ní Zulaykha ńkọ́? Ó ní, "Nítorí Zulaykha ni. Mo mọ bó ṣe máa ń rí láti máa fa ìyá ẹni lọ́wọ́. N kò fẹ́ kí ó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe ojú fún mi."

Omi bọ́ lójú mi, mo sì bínú pé ó bọ́. "Dókítà wo ló wò ọ́?" Kò sí dókítà kankan. Ṣé ẹ gbọ́? Obìnrin yìí ti dá ẹjọ́, ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ó ti fi ara rẹ̀ sẹ́wọ̀n, kò pe ẹlẹ́rìí kan. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba òun, pé níwọ̀n ìgbà tí dókítà kò bá tíì sọ ọ́, ó ṣì kù díẹ̀. Mo ní, "Ọ̀la a ó lọ. Bí o kò bá lọ, màá gbé ọ pọ̀n."

Ilé ìwòsàn ojú tí mo mú un lọ, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bímbọ́lá ni dókítà ibẹ̀, ọmọ tí mo lè bí. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ epo, Èkó ni wọ́n ti gbé e wá síbí. Bí ó ṣe gbọ́ tí a ń sọ Yorùbá ni ó kúnlẹ̀ kí wa, ara mi sì balẹ̀ díẹ̀. Ti Tàíbátù kò balẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú débi pé òrùka mi wọ̀ mí lẹ́ran.

Dókítà ní kó ka lẹ́tà lára ògiri, ó kà á. Ó ní kó fi àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà fẹ́ atẹ́gùn fùú sí i lójú, Tàíbátù fò sókè, ó pariwo "Lá iláha illaláh!", gbogbo àwọn tó jókòó níta dìde. Ó tan iná wo ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé àwo pẹrẹsẹ kan wá, tí àwọn ìdérí kéékèèké wà nínú rẹ̀, oríṣiríṣi àwọ̀, wọ́n ti dà wọ́n rú. Ó ní kí Tàíbátù tò wọ́n kí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan wọ inú èyí tó tẹ̀ lé e. Èmi wò wọ́n, ojú mi pòòyì, mo rò pé márùn-ún nínú wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Tàíbátù kò tilẹ̀ ronú. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì. Ó tò wọ́n tán, ó pa ọwọ́ pọ̀ lórí itan, ó ń dúró de ìdájọ́.

Dókítà Bímbọ́lá yí àwo náà, ó wo nọ́ńbà abẹ́ wọn. Ó tún wò ó.

"Màmá, láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò rí ẹni tó tò ó pé báyìí rí. Ojú yín mọ́ ju tèmi lọ. Ìfúnpá inú ẹyinjú yín kò ga, ẹ̀yìn ojú yín dára. Ẹ kàn nílò awò tí ẹ ó fi máa kàwé, ìyẹn sì jẹ́ ti ọjọ́ orí."

Mo fò mọ́ Tàíbátù. Mo ní, "Alihamdulilai!" bẹ́ẹ̀ Kìrìsìtẹ́nì ni mí. Ṣùgbọ́n òun kò mira. Ojú rẹ̀ tún wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Dókítà, ẹ ṣeun. Bí kì í bá ṣe ojú, kí ni?"

"Níbo lẹ ti ń wo aṣọ náà? Ṣé abẹ́ iná ni?"

"Rárá o. Mi ò kì í wo aṣọ lábẹ́ iná. Ìta ni, ìṣísẹ̀ kan kọjá ẹnu-ọ̀nà, nínú ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run."

Dókítà mi orí. Ó ní ó ya òun lẹ́nu. Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ fún wa pé bí a bá rí nǹkan kan, kí a pè é.

A jáde sínú ọgbà, oòrùn ń ta ṣáṣá. Tàíbátù ṣí báàgì, ó mú ìrépé méjèèjì jáde, ó tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan bí ilẹ̀. Kódà ẹni tí ojú ń dùn yóò mọ̀ pé wọn kò jọra.

"Mojí, wò wọ́n. Èmi ni mo so àwọn yìí pọ̀. Kì í ṣe ojú. Orí mi ni. Orí mi ló ń dàrú."

Ẹ gbà mí! Ohun tí mo mú un jáde nílé fún kọ́ nìyẹn. Mo ní kó dákẹ́, ó ní kí n jẹ́ kí òun sọkún. A wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Enerhen, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà yí orí wò wá lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mò ń rò ni pé bí dókítà ojú bá sọ pé ojú dára, ta la ó tún mú orí lọ bá?

Nígbà tí a dé, kò wọlé. Ó dúró ní ìṣísẹ̀ kan kọjá ẹnu-ọ̀nà, níbi tó ti ń dúró láti ọdún mọ́kàndínlógún, ó tún tẹ́ ìrépé méjèèjì sọ́wọ́. Ó kígbe. "Wò ó! Wò ó, wọ́n ti tún di ọ̀kan!"

Mo wò wọ́n. Háà! Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìbejì. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé orí tèmi náà ti dàrú ni? Mo já àwọn ìrépé náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sáré kọjá gọ́tà bọ́ sójú títì, bí ẹni tó fẹ́ sá fún wọn. Mo wò wọ́n níbẹ̀. Pupa. Ilẹ̀. Mo padà sábẹ́ ilé. Ìbejì. Mo jáde, wọ́n yàtọ̀. Mo wọlé, wọ́n jọra. Onítomátì tó wà ní òdìkejì ní, "Mama Victor, wetin dey worry you?" Mo dúró ní àárín méjì, ẹsẹ̀ kan nínú oòrùn, ẹsẹ̀ kan lábẹ́ ilé, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo wo awọ ara mi. Ọwọ́ tó wà níta dúdú bó ṣe yẹ. Ọwọ́ tó wà nínú, àwọ̀ ewé ni.

Mo gbójú sókè.

Inú mi kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ojú tì mí. Òrùlé mi. Òrùlé tí mo fi ẹnu ara mi yàn, tí mo ń yan lábẹ́ rẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan kọjá ẹnu-ọ̀nà kì í ṣe ìta mọ́ láti ọjọ́ tí Zachariah ti kàn án. Tàíbátù ń pa òfin ìyá rẹ̀ mọ́ láìyẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo ti gbé ìta sún síwájú láìsọ fún un.

Mo pe dókítà. Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ rín, nígbà tó yá ó ṣàlàyé. Ó ní aṣọ kì í dá ní àwọ̀ fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e, aṣọ á gba díẹ̀ nínú rẹ̀, á sì dá ìyókù padà. Òrùlé yín ti sẹ́ ìmọ́lẹ̀ bí a ṣe ń sẹ́ ògì, ó ní, ó dá èyí tó pọ̀ jù nínú pupa dúró lókè. Kí ni aṣọ pupa yóò wá dá padà nígbà tí pupa kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ó ní ojú ẹni kì í sì pẹ́ kí ibi tó wà tó mọ́ ọn lára, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi mọ̀. Mo wá rántí gbogbo télọ̀ tí mo lé. Mo ṣì jẹ wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Tàíbátù ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Mo rò pé yóò bú mi. Ká ní èmi ni, màá ti da ọjà rú. Mo ní, "Èmi ni, Tàíbátù. Èmi ni mo yan aláwọ̀ ewé. Funfun wà níbẹ̀. Àfọwọ́fà ni mo fà, orí rẹ ló sì já lé. Ọ̀la ni Zachariah yóò wá tú u, èmi fúnra mi ni yóò di àkàbà mú."

Tàíbátù kọjá lára mi, ó kọjá gọ́tà, ó lọ jókòó sórí àpótí onítomátì nínú oòrùn gangan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, ẹkún náà sì tún di ẹ̀rín, mo sì jókòó tì í, èmi náà ń sunkún, n kò mọ èyí tí mo wà nínú méjèèjì.

"Mojí," ó nu ojú rẹ̀, "láàárọ̀, kí Zulaykha tó jí, mo máa ń di ojú mi. Mo máa ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n máa ka ìṣísẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. Mẹ́tàdínlógún ni. Mo yà sápá òsì, mẹ́rin, mo kan ìkòkò omi. Mo ti mọ gbogbo ilé náà lórí. Mo ti ń múra sílẹ̀."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wò mí, ó tún wò mí, ó fi ìka méjì gbé àgbọ̀n mi sókè, ó yí ojú mi sọ́tùn-ún, ó yí i sósì sínú ìmọ́lẹ̀.

"Ìjẹ̀bú, ṣé o mọ̀ pé o ti hu ewú?"

"Irọ́ ni!"

"Ọ̀kan nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Èjì. Ẹ̀ta. Èyí kò funfun pátá, ó ṣì ní pupa díẹ̀ nídìí." Ohùn rẹ̀ ti padà sípò, ohùn Tàíbátù aláṣọ. "Ẹ̀rin."

Ẹni tó bá fẹnu kan ewú mi tẹ́lẹ̀ nínú ọjà yẹn, ọjọ́ náà ni yóò mọ̀ pé Ìjẹ̀bú lẹ́nu. Gbogbo ìlà wa ti jáde, wọ́n ń wò wá. Mo tú gèlè mi, mo tẹ orí ba fún un kí ó lè rí wọn kà tán.